Ojúoró sọ tánkì mi di òkùnkùn, epìyà 14 ló bá a lọ

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń bí mi nínú. Epìyà 14 ni mo kó jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, gbogbo wọn yíkùn sókè, èmi tí mo ti ń fọ́nnu káàkiri àdúgbò wa l'Óṣogbo pé tánkì ẹ̀yìnkùlé mi máa dà bí odò gidi.

Mímọ tánkì ò ní àlàyé nínú, bíríkìlà yín mọ iṣẹ́ ẹ̀. Òṣíbàtà náà ò yọ mí lẹ́nu: mo gbìn ín sínú bàsíà ẹrẹ̀, mo gbé e lé búlọ́ọ̀kù kí ewé ẹ̀ lè tètè débi ojú omi torí òkè ewé yẹn ló fi ń mí, nígbà tó ràn mo yọ búlọ́ọ̀kù, ó kàn ń na ọrùn tẹ̀ lé omi ni.

Koríko abẹ́ omi ló fojú mi rí màbo, èyí tí àwọn tó ń sin ẹja inú gíláàsì ń pè ní hornwort. Ìbàdàn ni mo ti rà á, ₦9,000, ẹni tó tà á ní kí n rì í mọ́ ẹrẹ̀ dáadáa. Irọ́ gbuu! Koríko yẹn ò ní gbòǹgbò rárá, ara ewé ẹ̀ tó rí bí òwú ló fi ń mu oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ látinú omi. Ìdí ẹ̀ jẹrà. Mo tún ra òmíràn, mo kàn jù ú sómi, tóòrùn bá ti ràn á máa yọ hóró afẹ́fẹ́ wínníwínní, mo ń pe èèyàn wá wò ó.

Àṣé mo ti fọwọ́ ara mi gbé ọ̀tá wọlé. Orí ojúoró 6 péré ni mo bu nínú odò kékeré kan (kì í ṣe Ọ̀ṣun o, mi ò wá ẹjọ́). Tó o bá tì í sísàlẹ̀ á tún ta padà sókè torí afẹ́fẹ́ ló kún inú ewé ẹ̀, gbòǹgbò ẹ̀ á sì fì sínú omi bí irùngbọ̀n. Ó ń ta okùn, ó ń bímọ sórí okùn, ọmọ náà ń bímọ, mo ń yọ̀. Hornwort wá ń pọ́n, mo pààrọ̀ omi, kò gbọ́, mo ní ebi ló ń pa á, mo lọ ra fatiláísà. Ẹ gbọ́ ná, ojúoró ló jẹ fatiláísà yẹn tán! Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ẹ ò lè rí omi mọ́.

Ìyá kan ní ilé kejì wò ó, wọ́n bú sẹ́rìn-ín: “Ìwọ ò gbọ́ pé lílékè ni ojúoró ń lékè omi ni?” Àdúrà tí mo ti ń ṣàmín sí látìgbà èwe mi, mi ò bi ara mi rí pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ò wọlé mọ́, hornwort kú, jíjẹrà ẹ̀ gba afẹ́fẹ́ inú omi, ojúoró ní tiẹ̀ ń tú afẹ́fẹ́ tiẹ̀ sókè, atẹ́gùn ò sì fọwọ́ kan omi. Kílẹ̀ tó mọ́, èémí ti tán fẹ́ja. Ẹ wo Ọ̀ṣun náà bó ṣe pọ́n látìgbà tí wọ́n ti ń wa góòlù lókè lọ́hùn-ún, koríko abẹ́ omi wo ló fẹ́ rí oòrùn nínú yẹn?

Ní báyìí, gbogbo Sátidé ni mò ń kó ojúoró kúrò dà sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìdajì ojú omi gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀. Hornwort ẹlẹ́ẹ̀kẹta ti ń ta ẹ̀ka. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbìn ín, ẹ fi í ṣáájú, ẹ jẹ́ ó lágbára kẹ́ ẹ tó mú ojúoró wá, tó bá tiẹ̀ jẹ́ dandan.

Òṣíbàtà ti yọ òdòdó. Ọ̀sán mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó tì í pé kó là, kò dá mi lóhùn, àfi lálẹ́ ọjọ́ kẹta tí ọmọ mi tan tọ́ọ̀ṣì sí i, tó figbe ta pé, “Dádì, ó ti là, ó funfun báláú!”