ActivityWatch kò ka àkókò tí mo fi ń kàwé: bí mo ṣe yanjú ẹ̀

Bí mo bá ń ka PDF gígùn, ActivityWatch, ètò tó ń ka àkókò tí mo ń lò lórí kọ̀ǹpútà, á ní mi ò sí nídìí ẹ̀. Kò mọ̀ pé ojú ń ṣiṣẹ́. Láti mọ̀ bóyá mo wà níbẹ̀, kìbọ́ọ̀dù àti máòsì nìkan ló ń ṣọ́. Tí ìṣẹ́jú 3 bá kọjá tí ọwọ́ ò kan èyíkéyìí, ó di "afk" (ẹni tí kò sí nídìí kọ̀ǹpútà) nìyẹn.

Mo wá fáìlì aw-watcher-afk.toml rí lábẹ́ ~/.config/activitywatch lórí Linux. Mo pa àmì # tó wà níwájú timeout (iye àkókò tó fi ń dúró kó tó sọ pé mi ò sí níbẹ̀) rẹ́, mo sọ 180 di 600 (ìṣẹ́jú àáyá ni, ìyẹn ìṣẹ́jú 10), mo pa ActivityWatch, mo tún un tàn. Ó tán.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ po ẹ̀bà tí kò tó ìṣẹ́jú 10 náà á dà bí òṣìṣẹ́ o! Mo fara mọ́ ọn. Àkọsílẹ̀ àtijọ́ kò yí padà ṣá.