Sáfà CentOS 7 tó kọ̀ tí kò dìde lórí Proxmox

Sáfà CentOS 7 (irú Linux kan) ni mo ń kó kúrò lórí ẹ̀rọ gidi bọ́ sórí Proxmox (ètò tó ń gbé VM, ìyẹn kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà, ró) tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Mo fi àṣẹ dd ṣe ẹ̀dà dísìkì, mo tan VM, ó bá há sí dracut:/# (ojú àṣẹ pàjáwìrì), ó ní /dev/centos/root does not exist, ìyẹn ni pé kò rí dísìkì rẹ̀. Mo tún GRUB (ètò tó ń gbé Linux dìde) ṣe, mo tún ẹ̀dà mìíràn ṣe, pàbó. Ilẹ̀ mọ́ bá mi nídìí rẹ̀.

Àṣé initramfs (fáìlì tí Linux kọ́kọ́ ń lò láti dìde) ò ní dráífà virtio, èyí tí VM fi ń rí dísìkì, nínú. Ti ẹ̀rọ àtijọ́ nìkan ló mọ̀. Nínú mẹ́nù GRUB, mo yan ìlà tí wọ́n kọ rescue sí (ti pàjáwìrì, tó ní dráífà púpọ̀ nínú), ó wọlé! Mo tẹ àṣẹ yìí kí ó tún initramfs kọ́ pẹ̀lú dráífà púpọ̀:

dracut --regenerate-all -f --no-hostonly

Mo tún un tàn, ó dìde wẹ́rẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣì kú, torí orúkọ káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti yí láti eno1 di ens18. Mo ṣe àtúnṣe fáìlì ifcfg tí wọ́n kọ orúkọ náà sí. Bí sáfà tiyín bá ní RAID (dísìkì púpọ̀ tí a so pọ̀), n ò lè búra pé yóò ṣiṣẹ́.