Bí mo ṣe dá kíláàsì mi padà sẹ́nu ìwé lẹ́yìn tí kòrónà ti ilé ìwé pa

Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń bi mí pé báwo ni mo ṣe ṣe é ló jẹ́ kí n jókòó kọ ọ́. Kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ń kọ́. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ròyìn ẹ̀ ni bí mo ṣe gba àwọn ọmọ tí wọ́n ti ilé ìwé mọ́ fún ìgbà pípẹ́, tí mo sì dá wọn padà síbi tí wọ́n ti lè jókòó, kí wọ́n kàwé, kí wọ́n ṣe ìṣirò, kí ara wọn sì balẹ̀. Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí ò ju ẹyọ kan lọ: ẹ má sáré lé sílábọ́ọ̀sì, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan wà.

Ẹ rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ná. Ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2020 ni àjọ ìlera àgbáyé WHO kéde pé kòrónà ti di àjàkálẹ̀ àrùn tó kárí ayé, nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, ní akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní bílíọ̀nù kan ààbọ̀ ni kò lè lọ sílé ìwé mọ́, ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 190. Àwọn ibì kan ṣí láàárín oṣù díẹ̀. Àwọn ibì kan ṣí, wọ́n tún tì, wọ́n tún ṣí. Ní Uganda, oṣù kìíní ọdún 2022 ni gbogbo ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tán, ẹ sáà ro ọmọ tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kìíní lọ́dún 2020 wò. Torí ẹ̀ ni mi ò fi í dá ẹni tó bá ní "ṣebí ọlidé gígùn lásán ni" lóhùn. Ọlidé, ọmọ mọ ọjọ́ tó máa parí. Kónílé-gbélé yìí, àgbàlagbà gan-an ò mọ̀.

Kí àwọn ọmọ tó wọlé, fóònù ni mo kọ́kọ́ gbé. Mo pe àwọn òbí lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tí nọ́ńbà wọn ò lọ mọ́, mo ní kí òbí míì tó mọ̀ wọ́n bá mi wá wọn. Mi ò béèrè ọ̀rọ̀ ìwé rárá. Mo béèrè pé ta ló wà nílé pẹ̀lú ọmọ yìí, ṣé kò sẹ́ni tó ṣaláìsí nínú ẹbí, ṣé iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ yín, àti pé fóònù mélòó lẹ fi ń ṣe kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìbéèrè fóònù yẹn ló là mí lójú jù. Ilé tí ọmọ mẹ́ta wà tí fóònù jẹ́ ẹyọ kan, ẹ̀gbọ́n tó ń múra ìdánwò ló ń gbà á, àbúrò á kàn máa yọjú láti ẹ̀yìn. Ìyá kan sọ fún mi pé, "Àǹtí, ká má parọ́, orúkọ ẹ̀ ló ń wọ Zoom, òun fúnra ẹ̀ wà níta tó ń gbá bọ́ọ̀lù." Mo rẹ́rìn-ín, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé mi, torí tó bá jẹ́ rẹ́jísítà orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni mo wò, ọmọ yẹn ò pa kíláàsì kankan jẹ o.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n wọlé, mi ò ṣí ìwé kankan. Bí a ṣe ń gbé nílé ìwé ni mo kọ́ wọn: bí a ṣe ń tò wọlé, ibi tí báàgì ń wà, pé ọwọ́ là ń nà ká tó sọ̀rọ̀, pé tí agogo bá lù, a ò ní tíì dìde àfi tí àǹtí bá ní ká dìde. Ẹ lè ní ọmọ kíláàsì kẹrin ti mọ gbogbo ìyẹn tipẹ́. Orí wọn mọ̀ ọ́n, ara wọn ló ti gbàgbé. Ọmọ á kàn dìde láàárín ẹ̀kọ́, á forí lé ẹnu ọ̀nà, kì í ṣe àfojúdi, bó ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn. Ọ̀kan tiẹ̀ wò mí bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú ìbòmú, ó ní, "Àǹtí, a ò gbọ́ yín, ẹ tan máìkì yín." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rín in.

Mo kọ táìmù-tébù gàdàgbà sára ògiri, àárọ̀ kọ̀ọ̀kan la ń kà á pa pọ̀, ohun tó kàn, ohun tó tẹ̀ lé e, títí dé ìgbà tí wọ́n á lọ sílé. Ìgbà tí wọ́n á lọ sílé yẹn gan-an ni àwọn kan ń dúró kí n kà, tí mo bá ti kà á báyìí, èjìká wọn á rọlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ fífọ̀ àti ìjókòó tó jìn síra ò fún mi ní wàhálà, wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ìbòmú ló fẹ́ pa mí. Tí ẹ bá ń kọ́ ọmọ ní ìyàtọ̀ láàárín m àti n, ètè yín ló ń wò, ètè ń pàdé fún m, kì í pàdé fún n, ìbòmú wá bo gbogbo ẹ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ya fídíò ẹnu mi nílé, tí mo ń pe àwọn lẹ́tà yẹn díẹ̀díẹ̀, mo ń fi hàn wọ́n lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n gbádùn ẹ̀ ju èmi fúnra mi lọ, ká sòótọ́.

Oorun náà wà ńbẹ̀. Àwọn ọmọ tó ti mọ́ lára láti máa sùn lóru jíjìn, agogo mẹ́wàá àárọ̀ orí wọn ti wà lórí dẹ́sìkì. Mi ò na ẹnikẹ́ni, mi ò sì jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín ẹ̀. Mo fi WhatsApp ránṣẹ́ sáwọn òbí pé ẹ má sọ pé láti òní lọ agogo mẹ́jọ ni gbogbo yín máa sùn, kò ní ṣiṣẹ́, ìjà ló máa dà, ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tètè sùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó bá ti mọ́ ọn lára, ẹ tún fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún míì kún un, kí ẹ sì gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó wọ yàrá. Àwọn tó ṣe é, mo rí i lára ọmọ wọn.

Ìgbà tí a wá mú ìwé, ọwọ́ ló kọ́kọ́ sọ tiẹ̀. Ọmọ tó ti ń tẹ fóònù látọjọ́ yìí, tó bá kọ ìlà mẹ́rin, á ju pẹ́ńsù sílẹ̀, á máa gbọn ọwọ́. Torí náà, ìlà díẹ̀ ni mo ń fún wọn, nígbà púpọ̀ lójúmọ́. Ọmọkùnrin kan tún wà tí mo jókòó tì, tí mo kàn ń wò. Ó kọ orúkọ ẹ̀, ó dúró, ó wo apá òsì. Ó ka ìbéèrè, ó dúró, ó tún wo apá òsì, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, ògiri ni. Nígbà tí mo bi màmá ẹ̀, ó ní ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ló máa ń jókòó síbẹ̀ tó ń bá a ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Gbogbo máàkì gidi tó ń gbà nígbà kónílé-gbélé, ẹ̀gbọ́n ló ni ín. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, bébà ò sì ní fi wọ́n hàn yín.

Ìyẹn ló fà á tí mi ò fi gbà kí a ṣe ìdánwò kíákíá. Ọ̀gá wa ti ní ká fún wọn ní tẹ́ẹ̀sì ní gbogbo sọ́bùjẹ́ẹ̀tì kí oṣù tó parí, kí a lè mọ iye tí wọ́n ti pàdánù. Mo lọ bá wọn ní ọ́fíìsì, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, tẹ́ẹ̀sì kíláàsì kẹrin á sọ fún wa pé wọ́n féèlì, kò ní sọ ibi tí wọ́n wà. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ kíkà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ná." Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Tí àwọn òbí bá wá béèrè ríṣọ́ọ̀tì ńkọ́?" Mo ní kí wọ́n rán wọn sí mi. Wọ́n ní ó dáa, àmọ́ kí n má jẹ́ kó pẹ́.

Bí mo ṣe gbọ́ kíkà wọn nìyí. Kì í ṣe ọgbọ́n orí mi o, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Pratham ní Íńdíà ti ń lo irú ẹ̀ tipẹ́ kí kòrónà tó dé. Bébà kan péré. Lẹ́tà wà lórí ẹ̀, ọ̀rọ̀ kéékèèké wà, ìpínrọ̀ kúkúrú tó rọrùn wà, ìtàn tó gùn díẹ̀ wà. Ẹ pe ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí àwọn yòókù máa ya àwòrán tàbí kí wọ́n máa ṣe nǹkan tí wọ́n fẹ́ràn, ẹ ní kó ka ìpínrọ̀. Tó bá kà á geere, ẹ gbé ìtàn fún un. Tó bá ń kọsẹ̀, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ọ̀rọ̀, tí ìyẹn náà ò bá lọ, ẹ sọ̀ ọ́ sí lẹ́tà. Ibi tó ti kà láìbẹ̀rù ni ẹ kọ síwájú orúkọ ẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ fún ọmọ kan. Ohun tí mo rí dẹ́rù bà mí: nínú kíláàsì kan náà, àwọn kan ń ka ìtàn bí ẹni mumi, àwọn kan ò dá b mọ̀ yàtọ̀ sí d mọ́.

Ìṣirò náà, bákan náà ni. Mo kọ 52 yọ 27 sílẹ̀ fún wọn. Àwọn tó pọ̀ jù kọ 35. Ẹni tí kì í ṣe tíṣà á ní wọn ò mọ ìyọkúrò, àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, wọ́n yọ 2 kúrò nínú 5, wọ́n yọ 2 kúrò nínú 7, ìyẹn ni pé yíyá mẹ́wàá lọ́wọ́ 5 nìkan ló ti fò lọ, ìyókù ṣì wà ńbẹ̀. Tíṣà tó bá rí ìyẹn ò ní padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti oókan, èéjì.

Mo wá pín wọn. Wákàtí kan lójúmọ́, ibi tí ọmọ bá kàwé dé ló ń jókòó sí, wákàtí yòókù, gbogbo wa jọ wà pa pọ̀ ni. Ẹ má pe ẹgbẹ́ kankan ní ti olódo o, ẹ má tiẹ̀ jẹ́ kí ó hàn lójú yín. Ká má tan ara wa, àwọn ọmọ á mọ̀, ọmọdé kì í pẹ́ mọ irú ẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá rí i pé ènìyàn ń kúrò nínú ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíì léraléra, kò ní dun ẹnikẹ́ni púpọ̀. Ẹgbẹ́ lẹ́tà, iyanrìn la fi ń kọ ọ́, a ń pè é bí a ṣe ń kọ ọ́. Ẹgbẹ́ ìtàn, èmi ò fi bẹ́ẹ̀ dá sí wọn, wọ́n ń kàwé fúnra wọn, wọ́n ń sọ ọ́ fún ara wọn.

Àwọn òbí ni wọn ò ní sùúrù. Bàbá kan wá, ó ní òun fẹ́ san owó lẹ́sìnnì títí di ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́, kí ọmọ òun lè bá ẹgbẹ́ ẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣeun sà, àmọ́ ọmọ tó ti rẹ̀, tí ẹ bá tún fi wákàtí mẹ́ta kún un, á kàn jókòó ni." Mo sọ fún un nípa ọ̀gbẹ́ni ará Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, tó ti há nǹkan sórí títí, tó gbàgbé ẹ̀, tó tún há a, ó tẹ àbájáde ẹ̀ jáde lọ́dún 1885. Ó rí i pé ohun tó gbàgbé kì í gba òun lásìkò tó ti àkọ́kọ́ tó bá tún kọ́ ọ. Mo ní àtúnkọ́ kì í pẹ́ tó kíkọ́, sà, ẹ kàn jẹ́ ká máa fọwọ́ kàn án díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Mi ò mọ̀ bóyá Ebbinghaus ló mú kó gbà, àbí ó kàn ti ń kánjú lọ síbi iṣẹ́. Ó ṣáà gbà.

Ọmọbìnrin kan wà tí kì í sọ̀rọ̀ rárá. Ìwé mi ti sọ fún mi pé ìyá àgbà tó ń tọ́jú ẹ̀ ló kú nígbà tí ilé ìwé wà ní títì. Mi ò pè é síta láti kàwé, mi ò sì bi í ní ìbéèrè níwájú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Iṣẹ́ ni mo fún un, òun ló ń pín ìwé, òun ló ń gbà á padà. Ẹni tó ń pín ìwé gbọ́dọ̀ bá èèyàn sọ̀rọ̀, ṣé ẹ rí i? "Tìẹ rèé." "Ìwọ ò tíì fún mi ní tìẹ." Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó yá ó ń jágbe mọ́ àwọn tó ń fa ìwé ya.

Sílábọ́ọ̀sì ńkọ́? Mo gé e. Mo jókòó pẹ̀lú tíṣà kíláàsì karùn-ún, a bi ara wa pé kí ni ọmọ ò lè má mọ̀ kó tó wọ ọ̀dọ̀ tiwọn. Pínpín ò ṣeé fò, torí ìdá ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Kíkọ àròkọ ò ṣeé fò. Àwọn àkòrí kan wà tó jẹ́ pé kíláàsì karùn-ún máa tún un kọ́ látìbẹ̀rẹ̀, a fa igi lé gbogbo wọn. Ọ̀gá wa buwọ́ lù ú, ara wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yá sí i.

Nígbà tí sáà ń parí lọ, mo tún gbé bébà kan náà jáde. Àwọn tó wà ní ọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ wọn ti ń ka ìpínrọ̀. Àwọn díẹ̀ ò tíì kúrò ní lẹ́tà, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo fẹ́ kí wọ́n máa lọ jókòó ní kíláàsì kìíní fún ààbọ̀ wákàtí lójúmọ́, àmọ́ òbí kan ní ọmọ òun ò ní bá ọmọ jòjòló jókòó, mo sì rò ó, òótọ́ ló sọ, ojú á ti ọmọ náà. Yàrá ìkàwé la wá ń lò báyìí, èmi àti tíṣà kíláàsì kìíní ń gbà á fún ara wa, kí agogo àkọ́kọ́ tó lù.