Ẹ Wọ̀n Ọ́n Kí Ẹ Tó Sọ Ọ́ Lórúkọ: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Bí A Bá Ń Wá Bàálù Àtijọ́ Nínú Àwòrán Sátẹ́láìtì

Ilé wa ní Mafoluku kò jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà. A ò nílò aago láti mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ìró bàálù ló ń jí wa. Ṣùgbọ́n orí fóònù ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń wo bàálù láti òkè, lórí Google Earth, níbi tí mo ti ń wá àwọn alábẹ̀bẹ̀ ayé àtijọ́, àwọn bàálù tí abẹ̀bẹ̀ tó ń yí níwájú ẹ́ńjìnì ń fà: DC-3, DC-6, Constellation (tí a tún ń pè ní Connie, onírù mẹ́ta), àwọn tó ti ń fò kí jẹ́ẹ̀tì tó gbòde.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo rí ọ̀kan ní igun pápá náà. Apá rẹ̀ nà tààrà, ẹ́ńjìnì méjì yọ síwájú apá. Mo ní DC-3 ni, kò tún sí òmíràn. Mo gbé fóònù lọ bá bàbá kan ní àdúgbò wa tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tún ẹ́ńjìnì bàálù ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n wò ó, wọ́n sún awò ojú wọn sókè, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé o ti wọ̀n ọ́n?”

“Rárá, sà.”

“Lọ wọ̀n ọ́n ná kí o tó sọ ọ́ lórúkọ.”

Mo fi rúlà inú Google Earth wọ̀n ọ́n. ATR 72 ni, irú èyí tí Overland ń fi kó èrò káàkiri Nàìjíríà lónìí. ATR 72 kọ́kọ́ fò ní 1988. DC-3 ti fò láti oṣù Kejìlá 1935. Ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ló wà láàrin àwọn méjèèjì, mo sì fi ojú kan pa wọ́n pọ̀. Àṣìṣe yìí ni mo ń rí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú eré yìí, òun ni n óò sì sọ̀rọ̀ lé jù.

Ẹ má fi apá nìkan dájọ́

Apá ni a kọ́kọ́ ń wò, òótọ́ ni. Apá jẹ́ẹ̀tì máa ń rọ sẹ́yìn bíi ti àṣá tó fẹ́ já wálẹ̀ gbé òròmọdìẹ. Apá alábẹ̀bẹ̀ àtijọ́ máa ń nà sí ẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n apá àwọn alábẹ̀bẹ̀ òde òní náà ń nà sí ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá wọn apá DC-3 láti ṣóńṣó kan dé èkejì, ẹ óò rí nǹkan bíi mítà 29. Ti ATR 72 jẹ́ mítà 27. Nínú àwòrán tí kò mọ́ dáadáa, ta ni yóò fi mítà méjì mọ ìyàtọ̀?

Ara wọn ló ń tú wọn fó. Láti imú dé ìrù, DC-3 kò ju mítà 19.7 lọ, nígbà tí ATR 72 jẹ́ mítà 27. Ìyẹn ni pé gígùn ATR àti fífẹ̀ apá rẹ̀ dọ́gba, bí àgbélébùú tí apá rẹ̀ gùn tó ìdúró rẹ̀. DC-3 ní tirẹ̀ kúrú lára, ó gbọọrọ lápá: ara rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta apá rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìṣirò yìí ni pé kódà bí rúlà inú fóònù yín kò bá péye, ìfiwéra náà kì í yẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo bí apá ṣe so mọ́ ara. Apá ATR àti Dash 8, alábẹ̀bẹ̀ òde òní mìíràn, gba orí ẹ̀yìn bàálù kọjá, bíi pákó tí a gbé dábùú igi. Ti DC-3 wà nísàlẹ̀ ikùn, nítorí náà ara bàálù ni ẹ óò rí tó gba orí apá kọjá. Etí iwájú apá DC-3 máa ń dagun sẹ́yìn bó ti ń lọ sí ṣóńṣó, etí ẹ̀yìn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ gbọnrangandan. Ẹni tó bá ti mọ àwòrán yẹn lórí kò ní í gbàgbé rẹ̀ mọ́.

Ẹ má sì wá abẹ̀bẹ̀ o! Bàálù alábẹ̀bẹ̀ là ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n abẹ̀bẹ̀ gan-an ni ohun tí a kì í sábà rí. Sátẹ́láìtì WorldView-3, tó wà lára àwọn tí àwòrán wọn mọ́ jù lọ, ń ya ohun tó tó sẹ̀ǹtímítà 31 sínú pixel kan, ìyẹn ẹyọ kan nínú àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí abẹ̀bẹ̀ jẹ́ yóò pòórá sínú rẹ̀. Ilé ẹ́ńjìnì tó yọ síwájú apá ni kí ẹ máa wá.

Ẹ́ńjìnì mẹ́rin kò túmọ̀ sí àtijọ́

Àwọn kan a rí ẹ́ńjìnì mẹ́rin, wọ́n a ní DC-6 ni. Ní Ìkẹjà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ C-130, bàálù akẹ́rù àwọn ọmọ ogun òfurufú wa, tí wọ́n ti ń lò láti 1975. Apá C-130 ju mítà 40 lọ, ó gba orí ẹ̀yìn kọjá, ara rẹ̀ sì sanra. Títí di òní ni wọ́n ṣì ń ṣe é ní Amẹ́ríkà.

Kódà láàrin àwọn àgbà gan-an, ìdẹkùn wà. DC-4 àti DC-6 ní apá kan náà, mítà 35.8. Ẹni tó bá wọn apá nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ láé. DC-4 gùn tó mítà 28.6, DC-6 àkọ́kọ́ gùn tó 30.7, DC-6B sì tó 32.2. Nítorí náà, ẹ wọn méjèèjì, ẹ wọ̀n wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí ìka lórí fóònù lè ṣi mítà kan ní ìrọ̀rùn. Bí ẹ bá rí kọ̀ǹpútà yá, ó sàn ju fóònù lọ. Èmi a kọ́kọ́ wọn Boeing 737-800 kan tó wà nítòsí. Bí kò bá tó nǹkan bíi mítà 39.5 ní gígùn, mo mọ̀ pé ọwọ́ mi tàbí àwòrán náà ní àbùkù, n óò sì tún un ṣe kí n tó tẹ̀ síwájú.

Ọjọ́ orí àwòrán

Èyí dùn mí nítorí pé ó ti gba àkókò àti dátà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́. Google Earth ní ibi tí a ti ń fa àkókò padà sẹ́yìn, ó sì lè fà á dé àárín àwọn ọdún 1980. Ẹnìkan á fà á dé ibẹ̀, á rí àmì funfun ní Ìkẹjà, á ní òun rí DC-3 Nigeria Airways. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Àwòrán ìgbà yẹn wá láti ọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì Landsat, pixel rẹ̀ kan jẹ́ mítà 30. DC-3 odindi kò kún pixel kan! Ọdún 1999 ni Ikonos gòkè, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tó ń ta àwòrán tó mọ́ tó láti dá bàálù mọ̀ fún ará ìlú. Bàálù tí wọ́n ti gé fún alágbẹ̀dẹ kí ọdún náà tó dé, ẹ má wá a níbẹ̀. Òótọ́ ni pé Nigeria Airways lo DC-3 lẹ́yìn tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ WAAC, ilé iṣẹ́ bàálù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní 1958. Inú fọ́tò ìgbà yẹn ni kí ẹ ti wò wọ́n.

Ẹ má sì sọ pé bàálù “wà níbẹ̀.” Ẹ sọ pé ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ya àwòrán. Nígbà mìíràn, àwòrán ọjọ́ méjì ni wọ́n rán pọ̀ bí aṣọ lórí pápá kan ṣoṣo, tí bàálù kan á fi hàn lẹ́ẹ̀mejì. Bàálù tó bá ń sáré nígbà tí wọ́n yà á a máa ní àwọ̀ pupa, ewé àti búlúù tó ń tẹ̀ lé e bí òjìji. Ẹyọ kan ni, kì í ṣe mẹ́ta.

Òjìji Èkó kò jọ ti òkèèrè

Àwọn ará Kánádà a máa sọ pé ká wo òjìji ká fi mọ ìrù. Ìmọ̀ràn tó dára fún wọn ni. Ọ̀pọ̀ sátẹ́láìtì ń gba orí wa kọjá ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àbọ̀ òwúrọ̀, oòrùn Èkó sì ti ga nígbà yẹn, torí a sún mọ́ agbedeméjì ayé. Òjìji kúrú, ó sá sábẹ́ bàálù. Ẹ má fi òjìji kúkúrú sọ pé ìrù bàálù kò ga.

Ẹ kọ́ ojú yín níbi tí orúkọ ti dájú kí ẹ tó wá sí Ìkẹjà. Ẹ lọ wo Villavicencio ní Kòlóńbíà, níbi tí DC-3 ti ń ṣiṣẹ́ di ìgbà tiwa. Ẹ wo Yellowknife ní Kánádà. Ẹ wo Tucson ní Arizona, níbi tí wọ́n ń to bàálù sí nínú aṣálẹ̀ torí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ, irin kì í tètè dípẹtà bíi tiwa létí òkun.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé kámẹ́rà lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà pápákọ̀ láti lọ fìdí ohun tí ẹ rí múlẹ̀. Àgọ́ ọmọ ogun wà ní Ìkẹjà, ẹni tí wọ́n bá bá níbẹ̀ tó ń ya fọ́tò lè sùn sí àtìmọ́lé. Ẹ má sì máa pín ibi tí bàálù ogun tó ṣì ń ṣiṣẹ́ wà káàkiri. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ni tiwa.

Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ bàbá, São Tomé ni mo ṣí fún wọn. Nígbà ogun Biafra, láti erékùṣù yẹn ni àwọn ìjọ ti ń fi bàálù gbé oúnjẹ lọ sí Uli, pápá bàálù Biafra, lóru. Super Constellation méjì kù sẹ́yìn níbẹ̀, wọn ò padà lọ mọ́. Mo ti wọn apá, mo ti wọn ara, mo kọ ọ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n n ò tíì sọ orúkọ. Bàbá gba fóònù, wọ́n fi ìka fẹ ìrù rẹ̀, wọ́n ka ohun tó nà dúró lórí rẹ̀: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Connie ni. Bá mi fi èkejì hàn.”