Ẹnlájà Àtijọ́: Èwo Ni Kí Ẹ Tún Ṣe Fúnra Yín, Èwo Ni Kí Ẹ Fi Sílẹ̀?

Ẹnlájà, ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ fọ́tò láti ara nẹ́gátíìfù nínú yàrá òkùnkùn, kì í tètè kú. Irin àti gíláàsì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo ti rí èyí tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí aláǹtakùn ti ta òwú yí i ká, tó sì tẹ fọ́tò tó mọ́ kedere nígbà tí a nù ún tán. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ tún un ṣe ni púpọ̀ nínú wọn ń bàjẹ́ sí.

Ẹ kọ́kọ́ wo wáyà. Ẹ má tíì ki í bọ iná. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ti le, tó sì ti sán, ẹ gbé e fún oníṣẹ́ iná. Bí ẹ bá rí nǹkan bí òwú funfun tó ń ya lára wáyà inú ilé gílóòbù, ẹ má gbọ̀n ọ́n, ẹ má sì fẹnu fẹ́ ẹ. Nínú àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan, asbẹ́sítọ́ọ̀sì ni, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Irú èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè ibi tó ti wá. Fólítì 120 ni iná Amẹ́ríkà, tiwa ní Nàìjíríà sì jẹ́ 230. Tiransifọ́mà á yanjú ìyẹn. Àmọ́ ìgbà 60 ni iná tiwọn ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa jẹ́ 50, tiransifọ́mà kò sì lè yí èyí padà. Aago yàrá òkùnkùn bíi GraLab 300, tí mọ́tò rẹ̀ ń tẹ̀ lé ìṣísẹ̀ iná, á wá máa falẹ̀: ìṣẹ́jú kan lójú rẹ̀ á gba ìṣẹ́jú àáyá 72. Ẹni tí kò mọ̀ á tú u, á da òróró sí i, á sì sọ jíà rẹ̀ nù. Bẹ́ẹ̀ aago náà kò bàjẹ́ rárá! Bí ẹ bá fi í ṣe ìdánwò, tí ẹ tún fi í tẹ fọ́tò gan-an, ìwọ̀n kan náà ni. Ìgbà tí pépà fọ́tò bá wà nínú kẹ́míkà nìkan ni kí ẹ ṣírò ìyàtọ̀ náà.

Kí ẹ tó náwó, ẹ ka nọ́ńbà ara gílóòbù, kí ẹ wá irú rẹ̀ lọ́jà. Bí kò bá sí, ẹ dúró ná.

Iṣẹ́ tó kàn wà fún ọwọ́ yín. Awọ dúdú tó wà lókè lẹ́ńsì, tó ń ká tó sì ń nà, máa ń lu: nínú òkùnkùn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, ẹ fi aṣọ dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti gúlúù tó rọ̀ lẹ̀ ẹ́. Ẹ nu gíláàsì ńlá méjì tó wà lábẹ́ gílóòbù. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ojú tó yọ ikùn ni wọ́n fi ń kọjú síra. Ẹ wá gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì bíríkìlà lé pákó ìsàlẹ̀, lé ibi tí nẹ́gátíìfù ń jókòó sí, àti lé ibi tí lẹ́ńsì so mọ́. Bí ibì kan kò bá dọ́gba pẹ̀lú ìyókù, igun kan fọ́tò yín kò ní mú.

Lẹ́ńsì ńkọ́? Ẹ má tú u. Mo tú ọ̀kan rí nítorí pé inú rẹ̀ ti bu. Mo tò ó padà, àmọ́ fọ́tò rẹ̀ kò mú mọ́ láéláé, ó sì ń dùn mí títí dòní. Mìlímítà 39 ni ẹnu ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì ẹnlájà, nítorí náà ti ilé iṣẹ́ kan sábà máa ń wọ ẹ̀rọ òmíràn. Ẹ ra òmíràn. Bákan náà, ẹ má ṣí àpótí iná tó ní kapásítọ̀. Ó lè pa iná mọ́ sínú lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ lára ògiri.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá tò, ẹ dán iná pupa tí a ń tàn nínú yàrá òkùnkùn wò. Ẹ gbé kọ́ìnì lé pépà tuntun lábẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ sì fi pépà náà sínú kẹ́míkà. Bí àmì róbótó kọ́ìnì bá yọ funfun, tí àyíká rẹ̀ sì ṣú díẹ̀, fíltà tó bo iná pupa yẹn ti ṣá tàbí ìmọ́lẹ̀ ń jò wọlé níbì kan. Ẹ wá ojútùú sí i kí ẹ tó gba nẹ́gátíìfù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.