Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ńbà kìíní

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú ojúmọ́. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ṣe crossword inú ìwé ìròyìn, eré tí a ti ń fi lẹ́tà ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kún àpótí tó dábùú ara wọn, nínú ọkọ̀ láti Ìkòròdú dé CMS, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ńbà kìíní. Ọ̀rọ̀ kúkúrú onílẹ́tà mẹ́ta ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, òun ló ń ṣílẹ̀kùn fáwọn tó gùn.

Ẹ wo àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù. Bí wọ́n bá béèrè ìpínlẹ̀ kan ní Nàìjíríà, tí àpótí rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, Edo, Imo àti Oyo nìkan ló wà. O ló gbẹ̀yìn gbogbo wọn! Ẹ kọ O sínú àpótí kẹta lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó mọ èyí tí wọ́n ń bi yín. Ọ̀rọ̀ tó dábùú rẹ̀ ti rí lẹ́tà kan gbà nìyẹn.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe gbé ìbéèrè kalẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀pọ̀ ni wọ́n béèrè, S ló sábà máa ń parí ìdáhùn. Bó bá jẹ́ ohun tó ti kọjá, ẹ máa retí ED. Bí àmì ìbéèrè bá wà níparí, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ dárà ni o, ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀.

Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́. Báírò ba tèmi jẹ́ ní Fádèyí lọ́jọ́ kan, ó ku ọ̀rọ̀ méjì péré. Ó dùn mí gan-an.