Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fún èèyàn yín ní kẹ́mò oníhóró (oògùn jẹjẹrẹ) nílé
Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń tọ́jú màmá tàbí bàbá tí wọ́n ń lo capecitabine nílé, ẹ má fọwọ́ lásán mú oògùn yẹn o, kẹ́mò ni, bó tiẹ̀ jọ Panadol lójú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, tàbí kẹ́ ẹ dà á sínú ìdérí ìgò kí aláìsàn fúnra ẹ̀ gbé e sẹ́nu. Aláboyún ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án rárá. Ẹ má lọ̀ ọ́, ẹ má gé e sí méjì, torí eruku ẹ̀ ò dáa fún ẹnikẹ́ni nínú ilé.

Àárọ̀ àti alẹ́ ni wọ́n ń lò ó, kó má ju ìṣẹ́jú 30 lọ lẹ́yìn oúnjẹ. Tí wọ́n bá gbàgbé ìkan, ẹ má fún wọn ní ìlọ́po méjì nígbà tó kàn. Ọ̀pọ̀ ń lò ó fún ọjọ́ 14 kí wọ́n tó sinmi ọjọ́ 7, ẹ fi bírò sàmì sí kàlẹ́ńdà, ọjọ́ ìsinmi yẹn gan-an ló máa ń dàrú mọ́ èèyàn lójú.

Àgbo ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n kan á ṣáà gbé e wá, mo mọ̀, ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́, àmọ́ ẹ má fún aláìsàn mu láìjẹ́ pé dókítà mọ̀ sí i.

Tí ara bá gbóná dé 38°C, tàbí tí ìgbẹ́ gbuuru ò dáwọ́ dúró, tàbí tí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ń pọ́n, tó ń bó, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín, ẹ pe ọsibítù lọ́jọ́ yẹn.